Ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ kọ́ ni: lórí orúkọ tí a ó fi pe kíkọ́ olùkọ́ láàrin àwọn ẹ̀yà onílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fún àwọn tí kò ka àwọn lẹ́tà tó ṣáájú: ọ̀kan nínú wa ń túmọ̀ ìwé kan tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ Cree àti Inuit ní Kánádà, Māori ní New Zealand, àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí àlejò wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ wọn, níṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú tiwọn, kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn ọmọ ìlú náà. Ó béèrè orúkọ tí a lè pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ yín fara mọ́ ni “ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ láwùjọ”. Ẹnì kan ní kí a fi “abínibí” rọ́pò “ìbílẹ̀”. Ẹlòmíràn mú “ọmọ onílẹ̀” wá, ẹ sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò fara mọ́ “ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀”, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún, nítorí tí a bá jẹ́ kí orúkọ yìí dúró, ìwé náà yóò máa sọ òdìkejì ohun tí àwọn tí a ń kọ ọ́ nípa wọn ti ń jà fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí “ìbílẹ̀” ń ṣe lẹ́nu wa lónìí. Ìṣègùn ìbílẹ̀, aṣọ ìbílẹ̀, ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ìgbéyàwó ìbílẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ìkejì kan tí a kò dárúkọ, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ti ìgbàlódé, tàbí ti òyìnbó. Bí a bá ti gbọ́ “ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀”, ohun tó máa wá sọ́kàn ni ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń rí gbà kí ilé-ìwé tó dé: àlọ́, òwe, iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ baba, ìwà lọ́dọ̀ ìyá. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ pàápàá, bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyẹn: ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ Ìmàle tẹ̀ lé e, ti àwọn míṣọ́nnárì dé lẹ́yìn. Orúkọ náà bá ohun tí wọ́n fi ń pè mu, ó sì ti fìdí múlẹ̀. Kí a má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tún ní iṣẹ́ kejì. Ìjọba ìbílẹ̀ ni a ń pe ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé òun ló ni àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí òǹkàwé tí kò mọ ohun tí a ń bá bọ̀ bá rí “olùkọ́ ìbílẹ̀”, yóò rò pé olùkọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà síṣẹ́ ni, tàbí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìlù àti ijó. Kò ní wá sí i lọ́kàn pé obìnrin Cree kan tó gboyè yunifásítì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní ìdá àti ìdá-kan-nínú-mẹ́rin, ni à ń wí.

Kí wá ni nǹkan náà gan-an? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ní 1972, National Indian Brotherhood, ẹgbẹ́ tó ń ṣojú Cree àti àwọn ẹ̀yà mìíràn bíi tiwọn ní Kánádà nígbà náà, gbé ìwé kan síwájú ìjọba àpapọ̀. Nǹkan méjì ni ìwé náà rọ̀ mọ́: pé ojúṣe òbí ni ẹ̀kọ́ ọmọ, àti pé ìlú tí ọmọ ti wá ni kó máa ṣàkóso rẹ̀. Wọn ò ní kí ìjọba dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ kí òyìnbó tó dé. Ilé-ìwé ni wọ́n béèrè. Wọ́n béèrè olùkọ́ tó jáde láti àárín àwọn fúnra wọn, wọ́n sì ní kí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn. Ìjọba gbà á ní 1973. Ẹ má gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ó lé ní 150,000 ọmọ tí wọ́n kó lọ sí ilé-ìwé tí ìjọba àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì jọ ń darí, tí ọmọ ń sùn síbẹ̀ tí ń jí síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ilé rẹ̀. Ó di àwọn ọdún 1990 kí èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n ti fi ilé-ìwé gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ní òun fẹ́ gba ilé-ìwé náà sọ́wọ́ ara òun, kì í ṣe àṣà àtijọ́ ló ń béèrè.

Ìkéde tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 2007 lórí ẹ̀tọ́ àwọn ẹ̀yà yìí sọ ọ́ ní ẹ̀ka 14 pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dá ètò ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n sì máa ṣàkóso rẹ̀, ní èdè tiwọn, ní ọ̀nà tó bá bí wọ́n ṣe ń kọ́ni tí wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́ mu. Àdéhùn 169 ti ILO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́), tó ti wà láti 1989, ti sọ ṣáájú pé kí àwọn aláṣẹ rí i pé wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yà náà níṣẹ́, kí ètò ẹ̀kọ́ lè máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń padà wá nínú gbogbo rẹ̀ ni àkóso. Ta ni ó ni ín, ta ni ó ń darí rẹ̀, ta ni ó ń yan olùkọ́. “Ìbílẹ̀” kò dáhùn ọ̀kankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí; bí nǹkan ṣe pẹ́ tó ló ń sọ fún wa.

Ẹ wo àwọn Māori. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kōhanga reo, ibi ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé èdè Māori nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, tí àwọn ìyá àgbà sì jẹ́ òpó rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn ò rí ibi tí wọ́n ti lè máa bá èdè náà lọ, ni àwọn òbí bá dá irú ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní kura kaupapa Māori sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Hoani Waititi Marae ní Auckland ni ti àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ní 1985. Nígbà tí wọ́n tún dé sẹ́kọ́ńdìrì, ìbéèrè di ti físíìsì àti kẹ́mísìrì: ta ni yóò kọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wo ni yóò sì fi kọ́ wọn? Òfin 1987 sọ èdè Māori di èdè ìjọba, ó sì dá ìgbìmọ̀ èdè sílẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì ń ṣe irú iṣẹ́ tí à ń ṣe níbí yìí, ó ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí baba ńlá wọn kò rí rí. Ṣé ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ni ẹ óò pe físíìsì yẹn? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé bí yóò ṣe yé òǹkàwé.

“Abínibí” sún mọ́ ọn díẹ̀, mo gbà. Àmọ́ èdè ló máa ń tẹ̀ lé “abínibí” lẹ́nu wa, èdè sì jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí ni wọ́n ṣe. Orúkọ yẹn tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tí ìwé tí à ń túmọ̀ yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èdè baba ńlá kọ́ ni olùkọ́ náà gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Òfin 1896 lé èdè Hawaii kúrò nínú ilé-ìwé ní Hawaii. Nígbà tí wọ́n dá Pūnana Leo, ilé-ìwé ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti ń fi èdè Hawaii kọ́ni, sílẹ̀ ní 1983, àwọn ọmọdé tó ṣì ń sọ èdè náà kò tó nǹkan mọ́, àfi ní erékùṣù Niʻihau. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi èdè náà kọ́ni lónìí ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n dàgbà ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn kan ní yunifásítì. Tí a bá pe iṣẹ́ wọn ní ti abínibí, a ti fi ọ̀rọ̀ kan bo ohun tí wọ́n pàdánù mọ́lẹ̀, a sì ti bo akitiyan tí wọ́n fi gbà á padà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú.

Ó ku “onílẹ̀”. Ìdí tí ẹ fi kọ̀ ọ́ yé mi dáadáa. “Ọmọ onílẹ̀” ti bàjẹ́ lẹ́nu wa. Ẹni tó ń dá ẹni tó ń kọ́lé dúró, tó ń gba owó ìpìlẹ̀ tún gba owó òrùlé, tó ń ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn mẹ́ta, òun ni à ń pè bẹ́ẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ fi orúkọ yẹn pe àwọn tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọ́n jí ilẹ̀ wọn gbé. Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ náà wà lára “ọmọ onílẹ̀” lódindi, kò wà lára “onílẹ̀” fúnra rẹ̀. Onílẹ̀ dá wà láàyè ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń fi ọ̀wọ̀ dárúkọ. Ẹ yọ “ọmọ” kúrò, ẹ fi “ẹ̀yà” síwájú rẹ̀: ẹ̀yà onílẹ̀. Láti ibẹ̀ a ó ní ẹ̀kọ́ onílẹ̀, olùkọ́ onílẹ̀, ilé-ìwé onílẹ̀. Àbá mi nìyẹn, ìdí tí mo sì fi yàn án ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ níní. Ohun tí àwọn ẹ̀yà yìí ń sọ nípa ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ nípa ilé-ìwé: tiwa ni.

Alàgbà kan ti béèrè pé ṣé a lè pe ẹni tí kò ní ilẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ ní onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣíwọ́ jíjẹ́ onílẹ̀. Ẹni tó gbà á ni a máa wá orúkọ mìíràn fún. Ohun tí wọ́n ń lọ sọ ní kóòtù láti British Columbia ní Kánádà títí dé New Zealand náà nìyẹn. Ẹlòmíràn ní tí a kò bá fàmì sí i, “onílẹ̀” àti “onílé” yóò dà pọ̀ lójú ẹni tó ń kà á lórí fóònù. Òótọ́ ni, àníyàn gidi sì ni. Ṣùgbọ́n “ẹ̀yà” tó wà níwájú rẹ̀ yóò gbà á sílẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń sọ “ẹ̀yà onílé”. Ní ti “olùkọ́ onílẹ̀”, kí a fàmì sí i ni ìdáhùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí a máa fàmì sí gbogbo ohun tí à ń kọ.

Wọ́n tún béèrè bóyá àwa Yorùbá náà kì í ṣe ẹ̀yà onílẹ̀. Lórí ilẹ̀ wa, onílẹ̀ ni wá. Ẹ̀yà onílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú àwọn ìwé yìí ni àwọn tí àlejò wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ wọn, tó pọ̀ jù wọ́n lọ tàbí tó lágbára jù wọ́n lọ, tó sì dá ìjọba tirẹ̀ sílẹ̀ lé wọn lórí. Kí a kọ ìyẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ní gbólóhùn kan, ó tó.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ kí a tún wò ni “ìdánilẹ́kọ̀ọ́”, ibí ni ọkàn mi sì pọ̀ sí jù. Ẹ tẹ́tí sí bí à ń ṣe ń lò ó báyìí: wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ méjì, wọ́n pín ìwé ẹ̀rí, oníkálukú lọ ilé. Tàbí kẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan dúró sórí pèpéle, ó sọ̀rọ̀ wákàtí kan. Ìjókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí ìwé yìí ń ṣàpèjúwe kì í ṣe ìjókòó. Ìkọ́ṣẹ́ ni, irú èyí tí ọwọ́ wà nínú iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní.

Yunifásítì British Columbia bẹ̀rẹ̀ NITEP, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀ níṣẹ́ olùkọ́, ní 1974. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń lo àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ní ibùdó tó sún mọ́ ilé rẹ̀, ó sì ti ń wọ kíláàsì lọ bá àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ó wá parí ẹ̀kọ́ ní ọgbà yunifásítì ní Vancouver. Ní àríwá Saskatchewan, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Kánádà, olùkọ́ tó bá ti gúúsù wá kì í pẹ́. Ọdún kan, ọdún méjì, ó ti kó ẹrù rẹ̀. Àwọn ọmọ Cree, Dene àti Métis ló kún ilé-ìwé, olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ wọn kò sì tó nǹkan. Èyí ló bí NORTEP, irú ètò kan náà ní La Ronge, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970 tó sì parí ní 2017. Nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní La Ronge fún ìgbà díẹ̀, á padà sí kíláàsì ní ìlú rẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́, á tún lọ. Ohun tó kọ́ lóòní, ó rí i bó ṣe rí lójú ọmọ gidi kó tó di oṣù tó ń bọ̀. Tí a bá pe èyí ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò parọ́, ṣùgbọ́n ó sọ iṣẹ́ náà di kékeré. “Ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́” ló gbé e dúró. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì.

Àwọn kan yóò ní ìkọ́ṣẹ́ ti télọ̀ àti mẹkáníìkì ni, pé ó rẹ iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. “Kọ́” kan ṣoṣo ni a ń lò fún ẹni tó ń fúnni ní ìmọ̀ àti ẹni tó ń gbà á: olùkọ́ ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ iṣẹ́. Màmá àgbà Māori náà ń sọ “ako” fún méjèèjì. Nínú irú ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wà níwájú ọmọ láàárọ̀, ó wà níwájú àgbà nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ ó sì ń kọ́ni. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tó gba méjèèjì mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká lò ó.

Àwọn ará Perú ṣe tiwọn lọ́nà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Ní 1988, AIDESEP, àjọ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ inú igbó Amazon, pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti Loreto, dá FORMABIAP, ètò ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ tiwọn, sílẹ̀ ní Iquitos. Àwọn ìlú àti ẹgbẹ́ wọn ló ń fa ẹni tí yóò lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní ibùdó Zungarococha fún ìgbà kan, ó ń padà sí ìlú rẹ̀ fún ìgbà kan, níbi tí ó ti ń ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ó sì ń kọ́ni. Àwọn ọ̀mọ̀ràn ẹ̀yà náà wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn ní ibùdó pẹ̀lú, wọn kì í ṣe àlejò ọlọ́lá tí a kàn pè wá ṣí ìpàdé. Ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: Kukama wà níbẹ̀, Tikuna wà níbẹ̀, Awajún náà ti kọjá níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú èdè rẹ̀.

Èyí ló mú mi dé “láwùjọ”. Àwùjọ jẹ́ ibi tí ènìyàn péjọ sí. Ó tún ti di ọ̀rọ̀ tí à ń fi pe gbogbo ayé lápapọ̀, bí ìgbà tí a bá ní “ìwà ìbàjẹ́ láwùjọ wa”. Kò ní orí, kò ní ẹnu tó lè fi sọ pé ẹni báyìí ni kó lọ. Ìlú ní. Tí a bá ní “ìlú rán an”, ó yé gbogbo wa pé àwọn kan jókòó, wọ́n fẹnu kò, wọ́n yàn án, wọ́n sì ń retí kó padà jábọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní Amazon. Mo mọ̀ pé ibòmíràn tí ìwé náà dárúkọ kéré gan-an, tí àwọn kan nínú yín á fẹ́ pè é ní abúlé tàbí ìletò. Kékeré kò ní kí ó máà jẹ́ ìlú níwọ̀n ìgbà tó bá ti ní ẹni tó ń ṣèpinnu fún un.

Ẹ wo Nunavut, ilẹ̀ àwọn Inuit ní àríwá Kánádà, tí ẹ bá rò pé bí ibẹ̀ ṣe kéré tó kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ìlú 25 ló wà níbẹ̀, kò sí títì tó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń wọ̀, tàbí ọkọ̀ ojú omi nígbà tí yìnyín bá yọ́. Láti 1979 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ àwọn Inuit níṣẹ́ olùkọ́ ní apá ibẹ̀, kó tó di pé Nunavut di ẹkùn tó dá dúró lábẹ́ Kánádà ní 1999. Tí obìnrin tó ní ọmọ mẹ́ta bá ní láti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbé ní Iqaluit, olú-ìlú Nunavut, fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olùkọ́, ọ̀pọ̀ ni kò ní lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀kọ́ náà lọ bá ènìyàn ní ìlú rẹ̀, tí olùkọ́ àwọn olùkọ́ ń wọ ọkọ̀ òfuurufú dípò akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀ kò tíì tó. Òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 2008 ṣèlérí pé nígbà tí yóò bá fi di 2019, èdè Inuit yóò wà lára èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni láti kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ títí dé èkejìlá. Nígbà tí àkókò tó, olùkọ́ tó gbọ́ èdè náà kò pọ̀ tó. Ní 2020, wọ́n yí òfin náà padà, wọ́n sún àkókò náà síwájú dé 2039. Ọmọ tó wọ ilé-ìwé lọ́dún tí wọ́n ṣe òfin àkọ́kọ́ á ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Ó dùn mí láti ka ìyẹn, ó sì yẹ kó hàn nínú ìtumọ̀ wa pé ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni gbogbo rẹ̀ so mọ́. Ẹ̀tọ́ wà nínú òfin, kò sí ẹni tí yóò dúró níwájú kíláàsì mú un ṣẹ.

Nítorí náà, “ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ onílẹ̀ nílùú wọn” ni mo dábàá fún àkọlé. Ó gùn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ díẹ̀. Nínú ìwé, lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, “ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ onílẹ̀” tó. Kí “ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀” dúró fún ẹ̀kọ́ àtayébáyé, kí “ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí” dúró fún ti èdè, kí “ẹ̀kọ́ onílẹ̀” sì jẹ́ ti ilé-ìwé tí ẹ̀yà náà ń ṣàkóso. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé nínú kíláàsì kan ṣoṣo, wọ́n sì máa ń pàdé, ṣùgbọ́n a ò lè fi orúkọ ẹyọ kan pè wọ́n kí òǹkàwé má ṣì wá gbọ́.

Lórí “àgbà”, ìjà tí ẹ jà kò pọn dandan lójú tèmi. Ẹnì kan fẹ́ “arúgbó”, torí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nínú ìwé náà, “Elder”, ń sọ nípa ọjọ́ orí. Rárá o. Láàrin àwọn ẹ̀yà Kánádà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó darúgbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà pé ó ní ìmọ̀ tó sì ní ìwà tó ni. “Àgbà” tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Kí a lò ó láìfi nǹkan kan kún un.

Ìwé àṣẹ ìkọ́ni le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìṣòro gidi wà nídìí rẹ̀. Àgbà kan lè gbọ́ èdè dé gbòǹgbò rẹ̀, ìjọba á ní kò ní ìwé. Ẹlòmíràn ní ìwé mẹ́ta, kò sì lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní British Columbia, wọ́n wá ọ̀nà kan sí i: ìwé àṣẹ kan wà fún àwọn olùkọ́ èdè àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ níbi tó jẹ́ pé aláṣẹ èdè ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé ẹni yìí gbọ́ èdè wa. New Zealand náà ní ìwé àṣẹ oníwọ̀nba tí ẹni tó ní ìmọ̀ kan pàtó, tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, lè fi wọ kíláàsì kọ́ni. Èmi yóò pe ti àkọ́kọ́ ní “ẹ̀rí èdè”, nítorí pé ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀ ní tòótọ́, èyí kejì ní “ìwé àṣẹ oníwọ̀nba”. Kí a má pe méjèèjì ní “ìwé ẹ̀rí” lásán bí àbá tó wà nílẹ̀ ti ṣe, torí ẹni tó jẹ́rìí ni kókó ọ̀rọ̀ náà: ìjọba ló máa ń jẹ́rìí tẹ́lẹ̀, àwọn onílẹ̀ ló ń jẹ́rìí báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí mi ò rí ẹni tó mẹ́nu bà, ó sì wà ní ojú ewé púpọ̀ nínú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ irú ètò yìí ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì tipẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ tó ti òkèèrè wá. Wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọmọ, wọ́n ń pa ẹkún ọmọ, wọ́n ń ṣàlàyé fún òbí, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń gbà. Ẹni tó ṣe àbá àkọ́kọ́ pè wọ́n ní “ìránṣẹ́ olùkọ́”. Mo bẹ̀ yín, kí a yọ ọ́. Àwọn ni ọmọ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. “Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́” dára díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ “igbákejì olùkọ́”, torí pé igbákejì ni ẹni tó lè gorí àga nígbà tí ọ̀gá bá lọ, ohun tí ètò yìí sì ń mú wọn ṣe nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ránṣẹ́ kí ọ̀rẹ́ wa tó parí orí kẹta, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀.